Òkùnkùn Tó Ń Padà Wá Bá Kúbúrátù Onídìrí

Ní àdúgbò Mòlípà nílùú Ìjẹ̀bú-Òde, bí obìnrin bá ń fẹ́ irun tí yóò pẹ́ lórí, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ kí orí máa ta òun bí orí ẹni tí wọ́n fi igi lù, ọ̀dọ̀ Kúbúrátù ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ó sì yá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa gun ọ̀kadà láti Ìjagun wá bá a, wọn a sì kọjá ṣọ́ọ̀bù onídìrí mìíràn lọ́nà láìwẹ̀yìn. Kì í ṣe nítorí irun nìkan ni wọ́n ń wá. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń fìyà jẹ, ọmọbìnrin tí ìdánwò já kulẹ̀, gbogbo wọn ni í jókòó sáàárín orúnkún rẹ̀, tí wọn a máa tú ẹrù inú wọn palẹ̀. Kúbúrátù a máa dì, a máa gbọ́, ọ̀rọ̀ náà a sì kú sínú ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ìbẹ̀fun ni. Orí irun àgbàdo tútù ló ti fi ìka kọ́ ṣùkú àti kọ̀lẹ́sẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọdé, kí ó tó wá kọ́ṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kí ó sì tó pàdé Rídwàn, tí ń ta pààtì mọ́tò ní Gáréèjì Ìbàdàn. Ọmọ oníṣòwò ni Rídwàn. Ìyá rẹ̀, Alhaja Ràmọ́tà, ti ń ta aṣọ ní Òkè-Àje kí wọ́n tó bí i, ilé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ ní Pòrógun sì ni gbogbo wọn jọ ń gbé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó tí wọ́n fi bí Fatihah. Láti ìgbà náà, ilẹ̀kùn ọmọ tì. Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá ọkọ kò sọ̀rọ̀ burúkú sí i, ṣùgbọ́n ó máa ń wo ikùn rẹ̀ kí ó tó wo ojú rẹ̀. Nígbà tí Kúbúrátù wá bí Yasir, ọmọkùnrin làǹtì lanti, ayọ̀ náà pọ̀ débi pé Alhaja fúnra rẹ̀ ló ń pọ̀n ọ́n lọ sọ́jà, tí ń fi í han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń pàtẹ àrán.

Oṣù márùn-ún ni Yasir lò láyé. Ibà mú un láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ara rẹ̀ rọlẹ̀, wọ́n gbé e bọ̀ wálé. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Jímọ̀ tó mọ́, gìrì ti mú un lọ. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti wẹ̀ ẹ́, wọ́n ti kírun sí i lára, wọ́n ti lọ sin ín. Àwọn obìnrin jókòó yí Kúbúrátù ká, wọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú kí ó má bàa sunkún sókè, nítorí òbí tí ọ̀fọ̀ ọmọ ṣẹ̀ kì í ṣe ọ̀fọ̀ bí ẹni tí àgbà kú fún. Wọ́n ní omi ló dànù, agbè kò fọ́. Gbogbo ẹni tó wọlé ló sọ ọ́. Ó ń dáhùn pé àmín. Kò sí ẹni tí ó wo agbè náà wò bóyá ó ti là.

Ọmú rẹ̀ kò mọ̀ pé ọmọ ti kú. Láràárọ̀ ni ó ń kún, tí ó ń le koránkorán, tí aṣọ rẹ̀ ń tutù níwájú àwọn tó wá kí i. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Yóò wọ balùwẹ̀, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò fún un dà sílẹ̀, yóò sì máa wo funfun náà bí ó ti ń bá omi lọ sí gọ́tà. Ọjọ́ tí ọmú náà gbẹ ni ohun tí a ń wí yìí bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ẹkún. Bí ó bá jẹ́ ẹkún ni, ìbá mọ ohun tí yóò pè é. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti rọ iyanrìn tútù kún inú eegun rẹ̀. Yóò jí, kò ní lè dìde. Bí ó bá dìde, yóò jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì títí Fatihah yóò fi wẹ̀, tí yóò wọ aṣọ ilé ìwé, tí yóò sì kí i pé ó dàbọ̀. Oúnjẹ di iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù, yóò ya irun oníbàárà sí méjì, yóò mú òòyà dání, ọwọ́ rẹ̀ yóò sì dúró sójú kan. Ọjọ́ kan wà tí obìnrin kan yí ọrùn padà láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, tí ó rí i pé onídìrí òun ti ń wo ògiri, tí omijé ń ṣàn lójú rẹ̀ láìsí ohùn. Obìnrin náà rọra dìde, ó fi gèlè bo àbọ̀ irun náà, ó sì gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ.

Rídwàn fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó bi í bóyá Kúbúrátù nìkan ni ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú. Ó ní òun náà ni bàbá ọmọ, òun sì ń ṣí ṣọ́ọ̀bù òun. Alhaja gba omi hàntú wá láti ọ̀dọ̀ ààfáà, ó dúró tì í títí ó fi mu ún tán, ó wá sọ fún un pé ẹni tí ó bá ń fajú ro lórí ohun tí Ọlọ́run ṣe, Ọlọ́run ló ń bá jà. Kúbúrátù gbà gbọ́. Sí ìbànújẹ́ tó ti wà nílẹ̀ ni ó wá fi ìtìjú kún, pé òun ni aláìmoore, pé òun ń bá Ọlọ́run jà.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ gidi ni Matilda. Matilda ló ni ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀lé tirẹ̀, níbi tí ó ti ń ta ìpara, lọ́fíńdà àti àwọn irun ìdì. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin ni, ọmọ ìjọ onígbàgbọ́, ọkọ rẹ̀ ti ròkè òkun tipẹ́, ìpè rẹ̀ sì ti dín títí ó fi dá. Ènìyàn rere ni. Ohun tó yẹ kí a mọ̀ nípa rẹ̀ nìyẹn, nítorí ohun tó tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ti ènìyàn rere. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọlé tọ Kúbúrátù, ó jókòó sórí àga oníbàárà, ó sì sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ìyá Fatihah, mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ó ti ṣe èmi náà rí."

Ó tú oògùn oníhóró kékeré kan sí i lọ́wọ́. Ó ní àwọn tó fẹ́ rù ni wọ́n ń lò ó, ṣùgbọ́n ó máa ń jí ènìyàn. Kí ó lò ó lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀, kí ó wò ó.

Kúbúrátù lò ó. Kí àgbàrá oníbàárà àárọ̀ tó dé, nǹkan kan ṣí sílẹ̀ nínú orí rẹ̀ bí fèrèsé. Iyanrìn inú eegun rẹ̀ gbẹ, atẹ́gùn sì gbé e lọ. Ó gbọ́ ariwo ọ̀nà, ó gbọ́ òórùn epo tí wọ́n ń fi dín dòdò ní òdìkejì títì, ó rántí pé òun kò tíì gbá ilẹ̀. Ó gbá ilẹ̀. Ó fọ gbogbo òòyà. Ó di orí mẹ́ta kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, ó sì ń bá wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Nígbà tí ó délé, ó gún iyán fún ọkọ rẹ̀, Rídwàn sì jẹun tán, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wá ní kí ọpẹ́ jẹ́ ti Ọlọ́run.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ ṣòro. Nígbà tí obìnrin yìí ń ṣàìsàn, kò sí ẹni tó pè é ní aláìsàn. Nígbà tí oògùn wá ń gbé e kiri, gbogbo ayé ní ara rẹ̀ ti yá. Alhaja dín mọ́sà, ó fi ṣe sàárà ní mọ́sálásí, ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà òun. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń tò. Ìka Kúbúrátù ń fò lórí irun débi pé àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń dúró wò ó. Ó rù, wọ́n ní ó ti di ọ̀dọ́ padà. Kò sùn púpọ̀ mọ́, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n oògùn náà kì í dúró. Bí ó bá ti ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn a padà, òkùnkùn tó ń padà náà kì í sì í ṣe èyí tó lọ. Èyí tó lọ ní ìbànújẹ́ Yasir nínú. Èyí tó ń bọ̀ ṣófo, ó dàbí kànga tí kò ní ìsàlẹ̀, kò sì sí ojú ọmọ kankan nínú rẹ̀ tí ènìyàn lè sunkún lé lórí. Láti sá fún un, ó sọ hóró kan di méjì. Kò pẹ́ tí méjì náà kò fi jí i mọ́, wọ́n kàn ń jẹ́ kí ó lè dìde ni.

Nígbà náà ni Matilda mú èyí tí wọ́n ń pè ní áìsì wá láti Èkó. Ó ń dán bí yìnyín wẹ́wẹ́, èéfín rẹ̀ ni wọ́n ń fà. Matilda ti wà nínú rẹ̀ tipẹ́. Yàrá kékeré tí Kúbúrátù ń kó irun ìdì sí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni àwọn méjèèjì ti ń fà á, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé àwọn ń ka ọjà. Ní ìgbà àkọ́kọ́, Kúbúrátù jókòó sórí àpótí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ òun, òní ni òun mí dé inú. Kò parọ́. Kò sì rí i bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀, bó ti wù kó fà á tó.

Nígbà tí àwẹ̀ Rámádánì dé, ó pinnu pé òun yóò fi àwẹ̀ náà jáwọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó sun oorun ọjọ́ àkọ́kọ́ bí òkú, ó sì tún sùn ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, ohùn kan tí kì í ṣe ohùn ẹnikẹ́ni, tí ó jọ ohùn òun fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ìnira ni òun jẹ́ fún àwọn tó ń bá òun gbé, pé Fatihah ìbá sàn jù lọ́wọ́ ìyá mìíràn. Àwọn ará ilé ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ní àwẹ̀ ló mú un, Ọlọ́run á gbà á lẹ́sìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí gbogbo ilé ń retí ìṣínu, tí Alhaja ń pín dàbínù sínú àwo, Kúbúrátù fa hìjáábù rẹ̀ bo ojú, ó gba ẹ̀yìn ilé jáde, ó lọ bá Matilda. Èéfín ló fi ṣínu.

Láti ìgbà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan. Bí àwọn ọmọ iṣẹ́ bá rẹ́rìn-ín, ó mọ̀ pé òun ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé ọ̀kan, èkejì kó ẹrù rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀. Ó ń họ apá rẹ̀ títí ó fi di egbò. Ó gbá Fatihah létí nítorí pé ó ní ọwọ́ Màámi ń gbọ̀n. Èyí tó burú jù ni ẹkún ọmọ. Lẹ́yìn ògiri yàrá ẹ̀yìn ni ó ti ń gbọ́ ọ, ẹkún ọmọ tí ebi ń pa.

Àárín ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn Iléyá ni Jessica wá. Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjagun ni, oníbàárà tó ti pẹ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ó sì fẹ́ irun gígùn tí wọ́n ń ti etí rẹ̀ bọ omi gbígbóná kí ó má bàa tú. Kúbúrátù kò tíì fojú kan oorun láti bí ọjọ́ mélòó kan. Síbẹ̀ ó dì í dáadáa. Irun náà dára. Jessica ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ nínú dígí nígbà tí Kúbúrátù gbé kẹ́tùrù kúrò lórí iná, tí ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tí ó fẹ́ da omi náà sínú abọ́ tí wọn yóò ki irun bọ̀.

Ọmọ náà ké lẹ́yìn ògiri. Kúbúrátù yíjú síbẹ̀ kíá, kẹ́tùrù náà sì tẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Omi híhó dà láti ìpàkọ́ Jessica sọ̀ kalẹ̀ dé àárín ẹ̀yìn.

Àwọn tó sáré wọlé láti ìta ló sọ èyí tó kù, nítorí pé òun kò rántí rẹ̀. Wọ́n ní ọmọbìnrin náà wà nílẹ̀, ó ń yí, ó ń pariwo. Matilda ń bu omi tútù lé e lórí. Kúbúrátù dúró sójú kan, kẹ́tùrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi etí lé ògiri, ó sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n rọra dákẹ́ kí òun lè gbọ́ ibi tí ọmọ wà.

Bàbá Jessica, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, mú ọlọ́pàá wá. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rí ohun tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Báyìí ni Rídwàn ṣe mọ̀, níwájú àwọn aládùúgbò, ní ẹnu ọlọ́pàá. Ó bẹ̀bẹ̀ títí wọ́n fi yọ̀ǹda ìyàwó rẹ̀ fún un, kò sì bá a sọ̀rọ̀ kan láti Mòlípà dé Pòrógun. Matilda ti kó ẹrù lọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa.

Ṣọ́ọ̀bù kò sí, Matilda kò sí, áìsì kò sí. Ohun tí Kúbúrátù ti ń sá fún láti ọdún tó kọjá wá dé bá a lójú kan, kò sì sí ibi tí yóò gbà. Ó sùn, ó jí, ó tún sùn. Bí ó bá ti jí, ẹ̀yìn Jessica ni ó ń rí. Rídwàn gbé ẹní rẹ̀ lọ sí pálọ̀. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun yóò dá obìnrin náà padà sí Ìbẹ̀fun, kí àwọn ará ilé rẹ̀ wá gba wèrè wọn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí ilé dá, Alhaja ti ọjà bọ̀ lójijì nítorí orí tó ń fọ́ ọ. Ó mú kẹ́tùrù àlùwàlá, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti pọn omi. Ó bá Kúbúrátù lórí etí kànga. Ó ti ṣí ìdérí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó jókòó jẹ́ẹ́, kò wọ bàtà, ó ń wo inú.

Alhaja Ràmọ́tà kì í ṣe ẹni tó máa ń rọ ohùn. Bí inú bá bí i, Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ni ó fi ń bú ènìyàn, gbogbo Òkè-Àje ló mọ̀. Ní ọjọ́ náà, ó gbé kẹ́tùrù sílẹ̀, ó rìn jẹ́jẹ́, ó jókòó tì í lórí símẹ́ǹtì náà, ó sì fi ọwọ́ kan di aṣọ rẹ̀ mú ṣinṣin.

"Ìyàwó mi, kí lo ń wò níbẹ̀?"

"Ìsinmi ni mò ń wò, Ìyá."

Obìnrin àgbà náà kò sọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Kò sọ pé omi ló dànù. Ó jókòó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lára aṣọ, oòrùn ń pa àwọn méjèèjì. Nígbà tó pẹ́, ó ní kí wọ́n wọlé lọ wọ bàtà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wọ bàtà náà fún un, ó pe mọ́tò sí ẹnu ọ̀nà, ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró de ọmọ rẹ̀.

Dókítà tó rí wọn, obìnrin ni, Olúyọmí lorúkọ rẹ̀. Ó béèrè irú oògùn tó lò àti bó ti pẹ́ tó. Lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí: kí ló wà nílẹ̀ kí oògùn tó dé? Kúbúrátù la ẹnu, ó fẹ́ sọ orúkọ Yasir. Ọmú ló jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ròyìn balùwẹ̀ àti gọ́tà, láìsunkún, bí ẹni ń sọ ti ẹlòmíràn. Alhaja gbé ojú sí ilẹ̀.

Alhaja wá béèrè bóyá oògùn yìí ló sọ ọ́ dà báyìí, àbí ọ̀fọ̀ ọmọ. Dókítà ní méjèèjì ni.

"Màmá, ẹ wo ẹni tí eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, tí wọ́n wá fún ní nǹkan tí kò jẹ́ kó mọ ìrora, tó wá ń sáré lórí ẹsẹ̀ náà. Gbogbo ènìyàn á ní ẹsẹ̀ ti san. Ọjọ́ tí nǹkan náà bá tán, ẹsẹ̀ á ti rún. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló kọ́kọ́ mú ìyàwó yín, àìsàn ni, kì í ṣe àìmoore. Oògùn yìí kò wò ó. Òun fúnra rẹ̀ a sì máa fa ìrẹ̀wẹ̀sì fún ẹni tí kò ní in rí, áḿbọ̀sì fún ẹni tó ti ní in."

Ó ní àwọn kò lè tọ́jú ọ̀kan kí àwọn fi èkejì sílẹ̀. Ó kọ ìwé fún wọn lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀. Nínú mọ́tò, nígbà tí wọ́n ń padà lọ kó aṣọ, Alhaja kọjú síta. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n délé ni ó tó sọ̀rọ̀.

"Ọmú yẹn. Ta ló bá ọ tọ́jú rẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan, Ìyá."

Alhaja fi etí ìborùn nu imú rẹ̀.

Kúbúrátù lo oṣù mélòó kan ní Abẹ́òkúta. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń wá ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú Fatihah nígbà tí ilé ìwé bá wà ní ìsinmi. Rídwàn wá lẹ́ẹ̀kan, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Nígbà tí Kúbúrátù padà sílé, ẹní ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní pálọ̀. Ọkùnrin náà kò lé e. Kò sì bá a sọ ju ohun tó bá ṣe kókó lọ, ẹnu Fatihah ni ọ̀rọ̀ náà sì ń gbà kọjá. "Sọ fún ìyá rẹ pé èmi kò ní jẹun lálẹ́ yìí." Ìwọ̀nyí ló di ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn.

Kúbúrátù fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sílé Ọ̀gbẹ́ni Theophilus láti tọrọ àforíjìn. Alhaja ní òun á tẹ̀lé e, ó kọ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà ṣí géètì, ó mọ̀ ọ́n, ó dúró pẹ́ kí ó tó pe ọmọ rẹ̀. Jessica jáde. Ó ti gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀, aṣọ tó wọ̀ bo ọrùn, ṣùgbọ́n àpá náà yọ sókè lẹ́bàá etí. Kúbúrátù kúnlẹ̀ lórí kọnkéré. Ó ní òun kò wá sọ pé oògùn ni, nítorí ọwọ́ òun ló gbé kẹ́tùrù. Jessica gbọ́ ọ títí ó fi parí.

"Mo ti gbọ́, Àǹtí. Mi ò mọ̀ bóyá mo lè dárí jì yín. Ẹ dìde, ẹ máa lọ."

Bàbá rẹ̀ rọra ti géètì. Kúbúrátù rìn délé. Ó sọ fún Alhaja pé ohun tó yẹ kí òun gbọ́ ni òun gbọ́.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí wọ́n mú ìròyìn Matilda wá. Inú yàrá kan tó háyà ní Ìjagun ni wọ́n ti bá a, ó ti kú, ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró, ó sì tó ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó wá a. Àwọn ará Ìmùṣin ti wá gbé e lọ sin. Kúbúrátù gbọ́ ọ lẹ́nu obìnrin tó ń ta ọṣẹ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Òun nìkan ló mọ̀ pé nínú gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni kan ṣoṣo tó sọ fún òun nígbà náà pé, 'Mo mọ ohun tó ń ṣe ọ́,' ló ti lọ yìí, ẹni náà ló sì fi iná sí òun lára. Kò mọ èyí tí yóò sunkún lé. Ó mọ ibi tí wọ́n ti ń ta áìsì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti fà á.

Ó jẹ́wọ́ fún Alhaja ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ojú rẹ̀ tó sọ ọ́. Ó retí èébú. Alhaja wá ìborùn rẹ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà Olúyọmí kò bá a wí. Ó ní ìṣubú wà lára àìsàn náà, ó tún oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì rẹ̀ wò, ó ní kí ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó sọ òtítọ́ fún un pẹ̀lú: ó lè tún ṣubú, òkùnkùn náà sì lè pẹ́ kí ó tó ṣí, nítorí pé ohun tí áìsì bàjẹ́ nínú orí kì í tètè tò padà.

Bí ó ti rí títí di ìsinsìnyí nìyẹn. Kúbúrátù kò ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ mọ́. Ó ń bá obìnrin kan tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí dìrun ní ọjọ́ tí ara bá gbà á. Kì í ṣe irun tí wọ́n ń ti bọ omi gbígbóná. Ìka rẹ̀ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn mọ̀ ọ́n, wọn a wò ó, wọn a sì lọ jókòó síwájú ẹlòmíràn. Fatihah ti ń bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbé orí wá fún un kó dì.

Àwọn àárọ̀ kan ṣì wà tí kò lè dìde. Ní irú àárọ̀ bẹ́ẹ̀, Alhaja a ṣí ilẹ̀kùn, a gbé ògì gbígbóná sórí àpótí, a jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀, ọjà a sì máa dúró dè é ní Òkè-Àje. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Kúbúrátù yíjú sí ògiri, ó ní kí Ìyá máa lọ, òun kò ní lè dìde lónìí.

"Mi ò ní kí o dìde," ni Alhaja wí. "Mu ògì yẹn kí ó tó tutù."

Ó mu ìdajì rẹ̀.